Ewúrẹ́ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ajá Ìyá

Ẹ má bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ajá àti ewúrẹ́. Mo ti bá àwọn méjèèjì gbé, mo sì ti sunkún nítorí àwọn méjèèjì. Ní Sokodé níbi tí mo ti ń ránṣọ, àwọn oníbàárà mi a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ìsọ̀ mi, wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà yọ: ajá ló mọ olówó rẹ̀, ewúrẹ́ kò mọ̀ ju ikùn rẹ̀ lọ, ta ni orí rẹ̀ pé tó ń bá ewúrẹ́ ṣọ̀rẹ́? Èmi á máa tẹ maṣíìnì mi lọ, n ò ní dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá wá tẹnu mọ́ ọn jù, màá ní kí wọ́n gbé aṣọ wọn kí wọ́n máa lọ. Wọn kì í mọ ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀ mí. Inú mi kì í pẹ́ ru, gbogbo ará ilé wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe inú fùfù lásán. Ìyá mi ni mo máa ń rántí.

Ìyá mi ti kú. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ. Opó ni, ó ń gbé ní Kambolé, ìlú wa, nínú ilé tí bàbá wa kọ́, òun àti àbúrò mi ọkùnrin tó ń dáko iṣu àti àgbàdo, pẹ̀lú ìyàwó àbúrò mi. Èmi ni àkọ́bí. Ilé ìmàle ni ilé wa, a ò sin ajá rí. Bí ajá ẹlòmíràn bá ṣèèṣì fẹnu kan abọ́ wa, a ó fi erùpẹ̀ bò ó, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un fọ̀, títí ìyá wa á fi ní ó tó. Ewúrẹ́ ńkọ́? Ewúrẹ́ kò wọ́n nílé wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá a ṣeré. Ìyá wa fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Tó bá rí ọmọdé tó gbé ọmọ ewúrẹ́ mọ́ra, á ní, "Gbé e sílẹ̀. Ìsọmọlórúkọ ló ni ín, àlejò ló ni ín, sàráà ló ni ín. Ìwọ kọ́ lo ni ín." Ẹni tó ń sọ báyìí náà ni ewúrẹ́ wá yí lọ́kàn padà nígbà ogbó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Àrùn ẹran wọ ìlú lásìkò ọyẹ́, ìyá ewúrẹ́ kan bímọ sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì kú kí ọmọ tó dìde nílẹ̀. Àbúrò mi ní kí àwọn kó òkú ìyá àti ọmọ dà nù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọmọ náà kò ní yè. Ìyá wa gbé ọmọ ewúrẹ́ náà sínú ìró rẹ̀, ó gbé e sẹ́bàá ààrò, ó ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń kiri, ó ń fi àkísà mímọ́ kán wàrà náà sí i lẹ́nu. N kò sí nílé nígbà náà. Ìyàwó àbúrò mi ló pè mí lórí fóònù, tó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá ti tún bímọ o!" Ẹ̀rín pa mí. Lọ́kàn mi, mo ní bóyá ó máa gbọ́kàn rẹ̀ kúrò lórí òkú bàbá wa.

Ọmọ ewúrẹ́ yè. Abo ni, dúdú, etí rẹ̀ kan funfun. Ó dàgbà tán, kò kúrò lára ìyá wa. Ìyá lọ sí kànga, ó wà ńbẹ̀. Ìyá lọ kí aboyún ní ìsàlẹ̀ ìlú, ó wà ńbẹ̀. Bí Ìyá bá lọ kírun, ewúrẹ́ á dúró síbi tí àwọn obìnrin bọ́ bàtà sí, á máa jẹ nǹkan lẹ́nu, ó sì dìgbà tí wọ́n bá ṣe sàláámà tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé bàtà òun ló ń jẹ. Gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá, ajá yín ti ṣíwájú yín dé o!" Ìyá wa náà á dá wọn lóhùn: "Ẹ máa pe ẹran mi lájá. Ọjọ́ tí mo bá pa á, ẹ ò ní jẹ níbẹ̀, ìmàle kì í jẹ ajá." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Nílùú wa, bí àgbàdo bá ti hù, kálukú a so ẹran rẹ̀ mọ́ èèkàn títí a ó fi kórè. Ẹran tó bá wọ oko olóko lásìkò náà, ohun tójú rẹ̀ bá rí, kí ẹni tó ni ín fara mọ́ ọn. Ti ìyá wa nìkan ni kò gbé orí èèkàn, kò sì sí ẹni tó bá a jà, nítorí òun àti ẹran rẹ̀ kì í yara. Ní ìrọ̀lẹ́, á gé èèpo iṣu wẹ́wẹ́, á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, á gbé e síbì kan náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ewúrẹ́ yìí lè wà níbikíbi, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á dé ìdí èèpo iṣu rẹ̀.

Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́. Bí mo bá ti Sokodé gba Tchamba dé lórí alùpùpù, eruku á ti bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ewúrẹ́ yìí kò ní wo ojú mi, báàgì mi ni yóò máa wò. Ó jẹ etí léèsì oníléèsì mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, mo lé e yí ilé po, ìyá wa sì ń bẹ̀ mí bí ẹni pé èmi ni ewúrẹ́. "Má bínú," ó ní, "kò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni." Mo ní, "Ìyá, ajá ì bá mọ̀." Ó ní, "Nígbà náà, lọ máa sin ajá rẹ."

Òótọ́ ni, mo ní ajá, bí a bá lè pè é ní tèmi. Onílé mi ní Sokodé, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ṣọ́jà, ló ni ín. Faransé ni bàbá náà ń bá a sọ, kò sọ èdè mìíràn sí i rí. "Así!" ajá á jókòó. "Kúṣé!" á dùbúlẹ̀. Ilé tí mo gbé dàgbà kọ́ mi láti sá fún ajá, ṣùgbọ́n ìwà èyí pọ̀ jù mí lọ. Bí mo bá ń ti ìsọ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ̀yìn ń ro mí, tí ojú ń ta mí nítorí abẹ́rẹ́, á ti sáré dé ìkóríta, á máa fò, á máa mi ìrù, inú rẹ̀ á dùn sí mi ju bí inú ẹnikẹ́ni ṣe dùn sí mi rí nínú ìlú yẹn. Mo máa ń sọ fún ìyá wa lórí fóònù pé, "Ẹ wá wo ìfẹ́." Á ní òun ti gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Iyọ̀ la kọ́kọ́ rí, ó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, á tún bù ú. A ní ọjọ́ orí ni. Ó wá di pé bí a bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní, "Ẹ dúró ná, bàbá yín kò tíì ti oko dé." Bàbá wa ti pẹ́ nínú sàréè. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ sílé, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Àbúrò mi, ìgbà wo lo ti Bẹ̀nẹ̀ dé?" Àbúrò rẹ̀ kan ló fẹ́ ọkọ sí òdìkejì ààlà, ó ti kú tipẹ́tipẹ́. Mo ní, "Ìyá, èmi ni. Ọmọ yín ni." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ já àlejò kulẹ̀. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún débi tí èémí mi fẹ́ sé.

A gbé e lọ sí ọsibítù ní Sokodé. Dókítà kan bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní Faransé, ó ní kò sí oògùn tó máa dá ohun tó ti lọ padà, ká má ṣáà jẹ́ kó máa dá rìn. Ẹ gbọ́ o, ká má jẹ́ kó máa dá rìn! Ìyá wa tí kò jókòó sójú kan rí láyé rẹ̀. Bó bá ti kírun alásàrí tán, oko ló kù, oko àtijọ́ tí òun àti bàbá wa ń dá lọ́nà Koussountou, tó ti di igbòrò. Àwa náà kò fòyà púpọ̀, nítorí ó ń lọ, ó ń bọ̀, oòrùn kì í wọ̀ bá a lóko. Àbúrò mi a máa ṣàwàdà pé, "Ewúrẹ́ jẹ̀, ó relé, Ìyá náà rìn, ó relé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ajá rẹ̀ ń tẹ̀lé e." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́, pé ewúrẹ́ ń tẹ̀lé e.

Ohun tó ń dùn wá kì í ṣe rírìn. Àìmọ̀ wá ló ń dùn wá. Àbúrò mi gba Tchamba lọ bá ààfáà kan tó jẹ́ ìbátan bàbá wa, ẹni jẹ́jẹ́, kì í ṣe jẹunjẹun. Ààfáà ṣàdúrà, kò gba nǹkan kan. Ó ní kí a ṣe sàráà fún un, kí a fi nǹkan tí ó fẹ́ràn ṣe é, nítorí ohun tó dùn wá láti yọ̀ǹda ni Ọlọ́run ń gbà lọ́wọ́ wa jù. Kò dárúkọ ewúrẹ́. Ta ló sọ fún un pé ewúrẹ́ kankan wà?

Mo lọ sílé nítorí ọ̀rọ̀ náà. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi, àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ jáde. Kí ló kù tí ìyá wa fẹ́ràn? Ó ti fi yẹtí rẹ̀ ta mí lọ́rẹ, ó ti pín aṣọ rẹ̀. Ìyá wa jókòó tì wá, ó ń ṣa ẹ̀wà, ẹran rẹ̀ dùbúlẹ̀ nítòsí. Ara rẹ̀ dá lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Kí lẹ ń bò mọ́ mi lójú?" Àbúrò mi sọ fún un. Mo yára gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, mo ní kí ìyá má wulẹ̀ dáhùn, mo máa lọ ra àgbò lọ́jà Tchamba, àgbò oníwo ńlá. Ìyá wa rẹ́rìn-ín. "Àgbò tí n ò mọ̀ rí," ó ní, "ṣé òun ni mo fẹ́ràn?"

Ó ṣa ẹ̀wà rẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní, "Kí ni sàráà náà máa ṣe fún mi?"

Àbúrò mi ní, "Kí iyè yín lè sọ jí ni, Ìyá."

Ó yíjú sí mi. Ó ń wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wá ẹni tí ó mọ̀ láàárín ọjà. Ó ní, "Ṣé n ó wá mọ ìwọ yìí?"

Mo ní, "Ẹ ó mọ̀ mí, lágbára Ọlọ́run."

Ó ní, "Ẹ mú un. Ẹran ni. Ẹ̀yin ni mo bí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ sàráà, kò sí ẹni tó so okùn mọ́ ewúrẹ́ náà lọ́rùn. Ìyá wa fún un ní èèpo iṣu oníyọ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ìyá wa rìn lọ sábẹ́ igi níbi tí àwọn tó fẹ́ pa á ti ń dúró, òun náà sì rìn tẹ̀lé e. Ìyá fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. A pín ẹran náà fún àdúgbò àti fún àwọn ọmọ ilé kéwú. Àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n gba tiwọn, wọ́n ní kí Ọlọ́run gbà á. Àwa ilé kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá wa jáde, ó kí àwọn tó wá, ó mọ púpọ̀ nínú wọn, ó béèrè ọmọ obìnrin kan tó ń ṣàìsàn. Ẹ wo bí inú wa ti dùn! Mo padà sí Sokodé pẹ̀lú orin lẹ́nu, mo sọ fún ajá ní ìkóríta pé sàráà ìyá mi ti gbà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyá wa gé èèpo iṣu, ó bu iyọ̀ sí i, ó ní, "Ẹran mi dà?"

Ìyàwó àbúrò mi rò pé ó ń ṣeré. Ó ní, "Ìyá, ẹ ti fi ṣe sàráà." Ìyá wa gbé igbá èèpo sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní ta ló pa á, kí ló fi ṣe wọ́n. Ó sunkún, ó sùn lọ. Ó jí, ó tún ní, "Ẹran mi dà?" Wọ́n tún sọ fún un, ó tún bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la pa ewúrẹ́ náà, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń kú fún ìyá mi. Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi kò lè fara dà á mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn pé, "Ó lọ jẹ̀, Ìyá. Ó ń bọ̀." Àánú ló ṣe é, èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá wa sì gbọ́ pé ẹran òun lọ jẹ̀, ó wọ bàtà, ó wá a lọ.

Oòrùn wọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá wa kò dé. Àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun alùpùpù wá a káàkiri. Àwọn tó ń ti ọjà Koussountou bọ̀ ló rí i tó ń rìn lọ láàárín títì, tó ń pe ẹran, wọ́n sì gbé e wá sílé. Mo sáré dé láti Sokodé. Obìnrin kan tí oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà igbòrò wa wá kí wa kú ewu. Ó jókòó, ó gba omi, ó ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé ìyá ṣìnà, nítorí òun a máa rí wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. "Ẹran yẹn á wà níwájú," ó ní, "ìyá á wà lẹ́yìn. Ẹran á rìn díẹ̀, á yíjú wo ìyá, á ké. Ìyá á ní, 'Mò ń bọ̀, má kánjú.' Ẹran náà dà?"

Ewúrẹ́ kò tẹ̀lé ìyá wa bọ̀ wálé lọ́jọ́ kan rí. Ìyá wa ló ń tẹ̀lé e. Èèpo iṣu ló ń sáré sí, ikùn rẹ̀ nìkan ló ń rò, ikùn yẹn ló sì ń mú ìyá wa délé bá wa lójoojúmọ́, àwa sì jókòó, à ń sọ pé ọjọ́ orí kò tíì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ bínú. Mo wo àbúrò mi, mo wo ìyàwó rẹ̀, mo ronú kan ààfáà, mo ronú kan ara mi. Ìyá mi náà ló kúkú ní kí wọ́n mú un. N kò rí ẹni tí màá bínú sí, ìyẹn gan-an ló sì ń pa mí.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ajá. Onílé mi ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kara, kò lè mú ajá dání, ó ní tí mo bá fẹ́ ẹ kí n máa mú un lọ. Mo pe àbúrò mi. Mo sọ ọ́ fún un. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ajá? Nínú ilé bàbá wa?" Mo pariwo mọ́ ọn, mo ní ṣé màlékà tí kò fẹ́ wọlé tí ajá wà ni yóò máa wá ìyá kiri nínú igbó? Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn rẹ̀. Ààfáà ìbátan wa ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kò sí láburú nínú ajá tó ń ṣọ́ oko àti agbo ẹran, ká má tiẹ̀ wá sọ ti èyí tó fẹ́ ṣọ́ ìyá ẹni, kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kó dé ibi ìrun.

Mo gbé ajá dé Kambolé. Awakọ̀ tó gbé wa dé Tchamba gba owó ajá bí owó èèyàn, ó sì ń bú mi lọ ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn ọmọdé yí wa ká. Mo ní "Así!" ajá jókòó, gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo ajá tó kàwé jù mí lọ." Ìyá wa jáde wá. Ó wò ó. Ó ní, "Ẹran ta nìyí?" Ajá sún mọ́ ọn, ó lá a lọ́wọ́. Ìyá wa fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó gba ìdí ṣágo àlùwàlá lọ, ó fọ ọwọ́ náà, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Ó ti gbàgbé ọmọ tó bí, kò gbàgbé àlùwàlá.

Ọjọ́ tí ajá bá lá a lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni yóò ṣe àlùwàlá. Ajá náà gbọ́n. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé wọn ò fẹ́ imú òun nítòsí, ó wá ń rìn lẹ́yìn, ó ń fi àyè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ìyá wa sílẹ̀. Bó bá dìde, ajá á dìde. Bó bá jókòó, á jókòó. Bí mo bá wá sílé, á sáré pàdé mi, á mi ìrù, á sì tètè padà sẹ́nu ọ̀nà ìyá wa. Ìyá wa kò fún un ní nǹkan kan rí. Ó ń gé èèpo iṣu sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ síbẹ̀, ajá á gbóòórùn rẹ̀, á gbójú kúrò. Èmi wò wọ́n, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ti bá wa ṣe é. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé wọn ò rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wà nílé lẹ́yìn ọdún Ìtúnu ààwẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Òjò ṣú lẹ́yìn ìrun alásàrí, gbogbo wa sáré lọ kó àgbàdo tí a sá sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí a padà, ìyá wa kò sí, ajá kò sí. Àbúrò mi ní, "Ajá wà pẹ̀lú rẹ̀." Ó sọ ọ́ kí n má baà fòyà, mo sì gbà á gbọ́. Òjò rọ̀. Ìlú tú jáde, wọ́n pè é títí ohùn wọn há. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ la gbọ́ ohùn ajá láti ìhà ọ̀nà Bago, jìnnà réré sí ibi tí a ti ń wá a.

Abẹ́ igi èmì kan ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti igi, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Ajá dùbúlẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, ó fi ikùn bo ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà ń gbọ̀n. Kò gbéra nígbà tó rí mi, ìrù nìkan ló mì. Òun ló jẹ́ kí a bá a láàyè, n kò ní fi dù ú láé. Òtútù ọjọ́ yẹn náà ló padà mú ìyá wa lọ, kò rí oṣù tó tẹ̀lé e. Ajá kò fi í sílẹ̀. Ibi tó ṣìnà dé, ajá ṣìnà dé, ibi tó ti rẹ̀ ẹ́, ajá jókòó tì í. Ewúrẹ́ ì bá ti fi í sílẹ̀. Òjò á ti ṣú, ewúrẹ́ kì í fẹ́ òjò, ikùn á ti máa pa á, á ti yíjú wò ó, á ti ké, á ti máa lọ sídìí èèpo iṣu rẹ̀, ìyá mi á sì ti dìde, á ti tẹ̀lé e wálé. Ohun tí n ò lè ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà mi nìyí.

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ láti pọ̀n ọ́n. Ìyá wa gbójú sókè, ó wò mí, ojú rẹ̀ sì dúró lójú mi. Ó pe orúkọ mi. Orúkọ mi ló pè, kì í ṣe ti àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ nìyí?"

Mo ní, "Èmi ni, Ìyá. Èmi ni."

Ó ní, "Ẹran ti wálé?"

Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Ó ti wálé, Ìyá. Ó ń jẹ èèpo iṣu."

Ó mirí, ó sinmi díẹ̀. Ó ní, "Ó máa ń dúró dè mí tẹ́lẹ̀. Ti àná yìí, kò dúró."